Kí Ló Ń Kùn Nínú Amplifier Mi?

Ìyá àgbà wa, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, kì í fi ìkéde òkú orí rédíò ṣeré. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan, wọn ò gbọ́. Etí wọn ti ń wúwo, sípíkà rédíò wọn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti sin ìyá yẹn kí ẹnì kan tó wá sọ fún wọn. Wọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí tí mo fi ṣe amplifier nìyẹn.

Kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ọkàn rẹ̀ ni IC ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní TDA2030. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohùn tín-ín-rín á wọlé látinú rédíò, IC á wá fi iná tí a fún un ṣe irú ohùn kan náà, èyí tó lágbára tó láti máa ti sípíkà síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní ó lè gbé wáàtì 14 jáde. Òótọ́ ni, bí ẹ bá fún un ní fóltì 14 lókè àti 14 nísàlẹ̀. Èmi fún un ní bíi 15 lápapọ̀, bíi wáàtì 4 ni mo sì ń rí. Fún yàrá Ìyá àgbà, ó tó, ó ṣẹ́kù.

Mo fi plywood kan àpótí fún sípíkà ínṣì 8. Ẹ má fojú di àpótí o! Bí sípíkà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ti ẹ̀yìn. Láìsí àpótí láàárín wọn, méjèèjì á pàdé, wọ́n á pa ara wọn, ohùn ìsàlẹ̀ á sì ṣègbé. Amplifier fúnra rẹ̀, inú agolo bísíkíìtì ni mo kó o sí, pẹ̀lú tiransifọ́mà tó ń sọ fóltì 220 di 12.

Mo tàn án. Ìyá àgbà dẹtí sílẹ̀.

"Ṣé oyin lo kó sínú agolo yìí ni?"

Kápásítọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Iná NẸ́PÀ ń lọ síwá sẹ́yìn nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. (Àwọn tó ń ṣọ́ 50 yẹn fún gbogbo Nàìjíríà, Òṣogbo níbí náà ni wọ́n wà, ní National Control Centre. Ará ìlú mi ló ń yọ mí lẹ́nu!) Dáyóòdù mẹ́rin ló ń yí apá ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú, torí náà ìgbì 100 ló ń jáde, kápásítọ̀ ló sì yẹ kó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo yọ 1000 µF, mo fi 4700 rọ́pò rẹ̀. Ó ṣì ń kùn.

Mo wá so fóònù mọ́ ọn, mo fi app kan mú ohùn 100 Hz jáde, lẹ́yìn náà 50. 50 ló bá kíkùn náà mu. Kápásítọ̀ ò mọwọ́-mẹsẹ̀ jàre.

Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn. Mo gbé bátìrì ọ̀kadà, fóltì 12, mo so ó mọ́ ọn. Kẹ́kẹ́ pa! Kò sí tiransifọ́mà nínú ọ̀rọ̀ bátìrì. Agbára òòfà tó ń tú jáde lára tiransifọ́mà ló ń wọ inú wáyà tó ń gbé ohùn rédíò wọlé, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo gba wáyà náà kọjá. Mo sún tiransifọ́mà lọ sí igun kejì agolo, mo lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ bí okùn, mo sì kó gbogbo wáyà òdo jọ sójú kan. Kíkùn yẹn kú.

Ohun kan ṣì ń já mi láyà. Irin ni agolo. Bí wáyà 220 bá bọ́ kàn án, ọwọ́ Ìyá àgbà ló máa kọ́kọ́ bà á. Mo fi bóòtù de wáyà earth mọ́ agolo, mo fi fíúsì sẹ́nu ibi tí iná ń gbà wọlé, mo fi rọ́bà yí ihò náà ká kó má baà gé wáyà. Bí ilé yín ò bá ní earth, ẹ fi pákó tàbí ike ṣe tiyín.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dúró lójú fèrèsé wọn, mò ń ròyìn lọ ràì. Wọ́n nawọ́ sí mi.

"Pa ẹnu mọ́ ná. Wọ́n ń pe orúkọ."