Etí Ni Ìyá Àgbà Fi Kàwé

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a sin Ìyá Àgbà nígbà tí àwọn ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ṣebí èmi ni mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ èdè Yorùbá. Mo ti kọ ojú ewé kan àbọ̀ kí ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Èkó, tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

“Ilé-ìwé tí Màmá lọ ńkọ́? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ka ìwé mẹ́fà.”

Mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, wọn kò ka ìwé mẹ́fà.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àna wa ń bọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì mi náà ń bọ̀.”

Abẹ́òkúta ni a bí Ìyá Àgbà sí, ní nǹkan bí ọdún 1938. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, wọ́n ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ ilé wọn. Wọn a fi láfún ro ẹ̀kọ, wọn a ti ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọn a sì máa fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, aṣọ yóò wọ inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Wọ́n lè ya Ìbàdàndùn, tòun ti àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó inú rẹ̀, láìwo àpẹẹrẹ kankan. Ọjà Ìtòkú ni wọ́n ti ń tà á. Owó aṣọ yìí ló rán ọmọ mẹ́fà níwèé. Dádì Èkó sì ni àkọ́bí.

Ní agogo márùn-ún ìdájí ni Ìyá Àgbà máa ń jí. Wọn a ṣí Bíbélì lé itan, wọn a gbé ọwọ́ wọn tí aró ti sọ di dúdú lé ojú ewé, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run, àti àwa, àti àwọn tó jẹ wọ́n lówó ní Ìtòkú. Nígbà tí iná jó ìsọ̀ obìnrin kan nínú àwọn ajigbèsè náà, wọ́n gbàdúrà fún un tán, wọ́n sì di aṣọ mẹ́wàá jọ, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún un kí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà. Mo ní gbèsè àkọ́kọ́ ńkọ́. Wọ́n ní, “Àdúrà tí kò lẹ́sẹ̀ kì í rìn jìnnà.”

Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èmi ni mo ń ka Bíbélì fún wọn bí mo bá wá fún ìsinmi. Ní ìdájọ́ ọjọ́ kan, mo ń sáré kà, oorun ṣì wà lójú mi.

“Padà sẹ́yìn, Àdùkẹ́. O fo ọ̀rọ̀ kan.”

Mo wò ó. Lóòótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìyá Àgbà, ẹ ti kà á kà á títí tí ẹ fi há a sórí!”

“Èmi? N ò mọ̀wé kà, ọmọ mi. Etí ni mo fi kàwé.”

Mo pa Bíbélì dé. Wọ́n wá ṣàlàyé. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ni wọn yóò máa wí lábẹ́ ètè bí wọ́n bá ń ya aṣọ, títí tí yóò fi dúró. Ẹsẹ kan, aṣọ kan. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n wá ń ṣí Bíbélì láràárọ̀.

Wọ́n ní, “Kí ẹ lè máa rí ìwé lọ́wọ́ mi. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni yóò fẹ́ gbà.”

Mo ti rò ó púpọ̀ láti ọjọ́ náà. Ní Abẹ́òkúta kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí oko ẹrú ti yà wọ́n. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi. Odindi Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní 1884, ẹnu àwọn àgbà ni wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohun tí a gbà lẹ́nu àgbà tí a tẹ̀ sínú ìwé, Ìyá Àgbà tún gbà á padà sẹ́nu. Ta ni yóò wá sọ pé wọn kò kàwé?

Síbẹ̀, mo gbà fún Dádì Èkó. Ẹni ọdún 86 ni a sin, “ìwé mẹ́fà” sì wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo tẹrí ba. Ó dùn mí pé a fi ilé-ìwé tí wọn kò rí lọ bo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo pe Dádì Èkó lórí fóònù pé mo fẹ́ kọ òótọ́ náà síbí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

Wọ́n ní, “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ìyá tàbí ìyá àgbà yín bá ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ sórí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni èmi rántí ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀: àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ilé, àwa méjèèjì sì jọ ń wí Sáàmù. Ní ìṣẹ́jú kẹta, mo ṣì í. Ìyá Àgbà dánu dúró, wọ́n dúró dè mí títí mo fi rí ọ̀rọ̀ náà, a sì jọ ń bá a lọ.