Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà: Ṣé Ẹgbẹ́ Òkùnkùn Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ọmọ yín ní Yunifásítì Bowie State, ní Prince George's County níbí, bá sọ pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, ẹ̀rù lè bà yín. Ẹ ò jẹ̀bi. Ní Ìbàdàn, ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá Pyrates sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ di oníjàgídíjàgan.

Ti ibí yìí yàtọ̀. Yunifásítì Howard ní Washington, nítòsí wa, ni wọ́n ti dá Omega Psi Phi sílẹ̀ ní 1911 àti Phi Beta Sigma ní 1914. Ìrànlọ́wọ́ fún àdúgbò wà lára iṣẹ́ wọn. Omega máa ń ṣètò fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní orúkọ Dókítà Charles Drew, ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ṣiṣẹ́ ribiribi lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pa mọ́. Sigma ń bá March of Dimes kówó jọ fún ìlera aláboyún àti ọmọ ọwọ́.

Àmọ́ ọrẹ kì í bo ìwà ìkà. Ní oṣù kẹta 2024, Yunifásítì Maryland ní College Park dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn dúró fúngbà díẹ̀, torí ẹ̀sùn pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun.

Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé "rárá". Ẹ bi í: Ṣé yunifásítì mọ ẹgbẹ́ náà? Ta ló ń gba owó tí wọ́n ń kó jọ? Kí ni wọ́n máa ní kó ṣe kó tó wọlé? Bí ó bá ní òun ò lè sọ, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn nìyẹn.