Bí Máàkì Bá Kéré, Ta Ló Fìdí Rẹmi?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB kéde pé nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ọmọ tó ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò gba tó 200 nínú 400 máàkì. Kíá la ti dájọ́: ọ̀lẹ làwọn ọmọ ìwòyí, fóònù ló gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀, mo gbọ́ ọ níbi ìnáwó, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu òbí tí ọmọ rẹ̀ dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, fi omijé tọrọ àforíjì ní gbangba. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò dé orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Ọmọ 379,997 ló fara gbá a, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò náà ṣe.

Ní oṣù Kẹjọ, ó kan WAEC. Ìdá 38.32 nínú 100 ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó gba krẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìdá 72.12 ni ti ọdún 2024. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n yí i padà sí ìdá 62.96. Wọ́n ti to ìbéèrè lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọmọ má baà jí ìwé ẹnì kejì wò, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò bá ìwé ìbéèrè mu ni wọ́n fi máàkì apá kan nínú iṣẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó lé ní 480,000 ọmọ tí ìyàtọ̀ náà kàn. A ti pè wọ́n ní olódo lórí ohun tí wọ́n mọ̀.

Ní ọjà wa, ẹni tó gbọ́n kì í wo gàrí nìkan. A máa wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Kóńgò ni ìdánwò. Èmi kò ní kí a dà á nù, nítorí láìsí òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn, kí ni ọmọ tálákà yóò fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ olówó? Ṣùgbọ́n kóńgò kò lè sọ fún wa pé olùkọ́ fisíìsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ti lọ láti ọdún méjì, tí a kò sì rán ẹlòmíràn wá.

Máàkì tó pọ̀ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Bí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ bá rọ̀ mọ́ èsì nìkan, ẹlòmíràn yóò kọ́ ọmọ, ẹlòmíràn yóò ra ìdáhùn fún un. Báyìí ni àwọn ibùdó ìdánwò tí òbí ti ń sanwó kí ọmọ lè gba A ṣe gbilẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá forúkọ sílẹ̀, kí èsì wọn lè dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ní ìpàdé òbí àti olùkọ́: ọmọ mélòó ló wà ní SS3, mélòó ló forúkọ sílẹ̀? Ta ló kọ́ wọn ní ìṣirò fún ọdún mẹ́ta yìí? Kí la ṣe sí èsì tó kọjá? Bí ọmọ ṣe ń jíhìn lórí àga ìdánwò, ó yẹ kí olùkọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kọmíṣánnà àti àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà jíhìn.

Bí èsì bá sì ya olùkọ́ tó mọ ọmọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ bá yín kọ̀wé sí àjọ náà. Kí ìdáhùn tó dé, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan.