Inú Ọmọdé àti Àrùn Ìgbẹ́ Gbuuru: Ẹ̀kọ́ Láti Ọjà Màlúù

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dé Kasuwar Kara ní ìlú Sókótó, ẹran ọ̀sìn ni yóò kọ́kọ́ rí. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí Kara ni a ń pe ọjà màlúù tí ó wà létí odò Ògùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n inú ọmọ pẹ̀lú ń fẹ́ àmójútó. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí ara ọmọdé ṣe ń bá rotavirus jà, àti ohun tí ó pa ọmọ màlúù pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Bí ara ṣe ń jà

Ní ọdún 1973 ni Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì yìí nínú ìfun àwọn ọmọdé ní Melbourne, ní Australia. Ó rí roboto bí àgbá kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá láti inú èdè Látìn. Bí ó bá wọ ìfun kékeré, a máa ba àwọn ẹ̀yà tíntìntín tí ń fa omi sára jẹ́. Omi tí kò rí ọ̀nà gbà wọ ara ni ó ń ya jáde.

Ara kì í káwọ́ gbera. Ẹ̀yà tí ó bá kó àrùn yóò kọ́kọ́ ta àwọn tí ó múlé tì í lólobó. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ-ogun ara yóò dé: àwọn kan ń pa ẹ̀yà tí ó ti bàjẹ́, àwọn mìíràn ń pèsè èròjà tí a ń pè ní IgA, èyí tí ń ṣọ́ ojú ìfun bí oníbodè. Àwọn kan nínú wọn kì í gbàgbé ọ̀tá. Ìwádìí tí a ṣe lórí 200 ọmọ ní Mexico, tí ó jáde ní 1996, fi hàn pé kò sí èyí tí fáírọ́ọ̀sì náà tún dá ìgbẹ́ líle sí lára lẹ́yìn tí ó ti kó o lẹ́ẹ̀mejì.

Ààbò tí ọmọ gbà láti inú oyún ń dínkù bí ó ti ń súnmọ́ oṣù mẹ́fà, àkókò náà gan-an ni eyín ń hù. Ìdí nìyí tí a fi ń di ẹ̀bi ìgbẹ́ ru eyín.

Ẹ̀bùn ọmọ màlúù

Rotavirus ń ṣe ọmọ màlúù náà. Àwọn onímọ̀ pa ti màlúù àti ti ènìyàn pọ̀ láti ṣe àwọn kan nínú àjẹsára tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn ni a dán wò ní Madarounfa, ní orílẹ̀-èdè Niger, nítòsí ààlà Nàìjíríà; èsì rẹ̀, tí ó jáde ní 2017, fi hàn pé ó dín ìgbẹ́ líle tí rotavirus ń fà kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nàìjíríà fi àjẹsára rotavirus kún ètò àjẹsára ọmọdé ní 2022. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìkádìí

Àjẹsára kò dí gbogbo ọ̀nà, pàápàá níbi tí àìjẹunrekánú wà. Bí ìgbẹ́ bá dé, kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Kí ó fún ọmọ ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, pẹ̀lú síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú ọmọ bá jìn kòtò, tí kò sì tọ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Àìsí omi lára ni ó ń pa ọmọ. Eyín kò pa ẹnikẹ́ni.