Kí Abẹ Tó Kan Ọpọlọ

Kò sí ibi tí àṣìṣe ọwọ́ ti léwu fún dókítà tó inú agbárí. Bí ọ̀bẹ bá yà díẹ̀, aláìsàn lè má sọ̀rọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì lè fọ́. Ní Àbíjàn, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń gbé láti ìran dé ìran, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ìbéèrè tó wà níwájú wọn náà ló wà ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, níbi tí dókítà Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1962: orí ta ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò fi kọ́ ọ?

Ẹ̀rọ virtual reality, tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé ohun tó jọ ti gidi síwájú ojú, ní ìdáhùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, ní Halifax ní Kánádà, dókítà David Clarke kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ NeuroTouch yọ kókó inú orí obìnrin kan lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ṣí orí obìnrin náà gan-an. Àwòrán orí obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló fi dánra wò.

Skánà tàbí IRM (MRI) ló ń ya orí aláìsàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni gé búrẹ́dì. Kọ̀ǹpútà á to wọ́n léra, á fi àwọ̀ ya egungun, iṣan ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ àti kókó sọ́tọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń yọjú wo inú NeuroTouch bíi maikirosíkóòpù. Àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Ohun tí ojú ọ̀tún ń rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwòrán ní jíjìn. Bí dókítà bá yí orí, àwòrán á bá a yí. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa tún àwòrán náà yà tó ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òòyì lè kọ́ ọ.

Ti ọwọ́ ló le jù, ibẹ̀ ni mo sì ti gbà pé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀rọ yìí. Mọ́tò kéékèèké ló ń ti irinṣẹ́ padà lọ́wọ́ dókítà: egungun á le, ọpọlọ á rọ̀. Ojú rọrùn láti tàn, ọwọ́ kò ṣeé tàn bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti ṣírò agbára náà bí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Síbẹ̀, bí a bá ṣí agbárí tán, omi tó yí ọpọlọ ká á dà, ọpọlọ á sì rì díẹ̀. Àwòrán àná kò ní bá a mu mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìdánrawò kò fi lè rọ́pò ọ̀gá tó dúró ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ọ̀gá náà wà nítòsí. Ní 2022, dókítà Noor ul Owase Jeelani láti London àti dókítà Gabriel Mufarrej ní Rio de Janeiro jọ wọ yàrá kan náà nínú awò, wọ́n jọ dánra wò kí wọ́n tó ya ìbejì tí orí wọn lẹ̀ pọ̀. Ìbàdàn àti Àbíjàn lè ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán aláìsàn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí. Ẹ jẹ́ ká béèrè IRM tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ná, ká tó béèrè awò.