Owó ìtanràn eré àsápajúdé: Kí ló yẹ kí o ṣe tí àjọ FRSC bá fún ọ ní ìwé ẹ̀ṣẹ̀, kí ló sì lè ṣẹlẹ̀ tí o kò bá san án?

Tí wọ́n bá sọ fún awakọ̀ pé ₦3,000 ni owó ìtanràn fún eré àsápajúdé lójú pópó Nàìjíríà, ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ akérò ló máa rí iye yẹn lọ́wọ́ èrò kan ṣoṣo kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ dáadáa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò parí síbi owó. Ìwé pélébé tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kọ fún awakọ̀ lè gbé e dé iwájú adájọ́. Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá sì ń pọ̀ sí i, ó lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ wíwà ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ṣàlàyé eré tí òfin fàyè gbà, ohun tó yẹ kí o ṣe tí wọ́n bá mú ọ, ẹ̀tọ́ tí o ní, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ju owó ìtanràn lọ.

Eré wo ló pọ̀jù lábẹ́ òfin?

Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 2012 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń lò káàkiri Nàìjíríà. Irú ọkọ̀ tí o ń wà àti irú ọ̀nà tí o wà ló máa sọ iye eré tí o lè sá.

• Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni: kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà tó so ìlú kan mọ́ òmíràn, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀.

• Takisí àti bọ́ọ̀sì akérò: kìlómítà 50 láàárín ìlú, 80 lójú ọ̀nà tó so ìlú kan mọ́ òmíràn, àti 90 lójú ọ̀nà márosẹ̀.

• Ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo: kìlómítà 50 lójú ọ̀nà tó so ìlú kan mọ́ òmíràn, àti 60 lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé kìlómítà 100 ni òfin fàyè gbà fún gbogbo ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àmọ́ bọ́ọ̀sì akérò tó bá ń sá 100 ti rú òfin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣẹ̀.

Bákan náà, tí àmì ojú ọ̀nà bá sọ iye tó kéré ju èyí lọ, bíi níwájú ilé ẹ̀kọ́ tàbí níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, ohun tí àmì náà sọ ni kí o tẹ̀lé.

Báwo ni àjọ FRSC ṣe ń mọ ẹni tó sáré jù?

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀, nígbà tí ikú ojú pópó ti ń pọ̀ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ àjọ náà. Láti ìgbà náà ni eré àsápajúdé ti wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń bá jà jùlọ.

Ẹ̀rọ radar tí òṣìṣẹ́ lè gbé lọ́wọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ náà máa ń rán ìgbì sí ara ọkọ̀ tó ń bọ̀, ìgbì náà á sì padà wá. Bí ìgbì yìí ṣe yí padà ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ bí eré ọkọ̀ ṣe tó.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kó má baà lè kọjá iye eré kan. Ọdún 2016 ni àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní dandan láti ní ẹ̀rọ yìí. Ọkọ̀ tí kò bá ní i lè san ìtanràn, kódà tí kò bá sáré rárá.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún ti ń lo kámẹ́rà. Ní Èkó, fún àpẹẹrẹ, ìjọba ti gbé kámẹ́rà tó ń ka eré ọkọ̀ sí àwọn òpópónà kan, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀.

Kí ló yẹ kí o ṣe tí wọ́n bá dá ọ dúró?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí o dúró níbi tí kò ti ní léwu fún ìwọ àti àwọn ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá sá fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè fi ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn kún èyí tó ti dá, ó sì lè fi ẹ̀mí ṣòfò.

Fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí o bèèrè iye tí ẹ̀rọ kà, àti ibi tí wọ́n ti kà á.

Tí wọ́n bá kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì, kà á kó o tó kúrò níbẹ̀. Wò ó bóyá orúkọ rẹ, nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ, ọjọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ tọ̀nà. SLV ni lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún eré àsápajúdé. Tí o bá rí lẹ́tà mìíràn níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni wọ́n kọ sí ọ lọ́rùn.

Má ṣe fún òṣìṣẹ́ kankan ní owó lọ́wọ́. Báǹkì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san owó ìtanràn sínú àpò ìjọba. Gba ìwé ẹ̀rí pé o sanwó, kí o sì tọ́jú rẹ̀, nítorí òun ni o máa fi gba ohunkóhun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ, bíi ìwé àṣẹ ìwakọ̀.

Kí ni ìyà ẹni tó bá fẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Nínú àtòjọ owó ìtanràn àjọ FRSC, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kí awakọ̀ gbìyànjú láti fún òṣìṣẹ́ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. ₦10,000 ni owó ìtanràn rẹ̀.

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ₦1,000 bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn ₦3,000 lè padà jẹ gbèsè ₦13,000. Tí wọ́n bá sì ní ìwàkuwà tó lè ṣekú pani ni, ₦50,000 ni.

Àmọ́ ẹ̀bi kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Òṣìṣẹ́ tó bá bèèrè owó ẹ̀yìn náà ti rú òfin. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá, àsìkò àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí o sì fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì àjọ náà tó sún mọ́ ọ.

Ṣé dandan ni kí n san án tí mi ò bá gbà pé mo jẹ̀bi?

Rárá. Ẹni tó bá sanwó ìtanràn ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbà lè yàn láti lọ sílé ẹjọ́, kó sọ tẹnu rẹ̀.

Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ tó tọ́. Abala yìí kan náà ló sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn títí tí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi.

Tí o bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, tọ́jú gbogbo ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ya àwòrán àmì ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀, tàbí ti ibi tó yẹ kí àmì wà tí kò sí. Orúkọ àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ lè ṣe ọ́ láǹfààní pẹ̀lú. Ohun tí kò yẹ kí o ṣe ni kí o ká ìwé náà kó, kó o sì gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí mi ò bá san án, tí mi ò sì lọ sílé ẹjọ́?

Àjọ FRSC lè gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n tún máa ń gbé ilé ẹjọ́ alágbèéká kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí adájọ́ ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ awakọ̀ lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀, adájọ́ ló máa sọ ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá jẹ̀bi.

Yàtọ̀ sí owó, àjọ náà ní ètò àmì ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àmì tí wọ́n máa kọ sí orúkọ awakọ̀:

• Tí àmì náà bá wà láàárín 10 sí 14, wọ́n á kìlọ̀ fún un.

• Tó bá wà láàárín 15 sí 20, wọ́n lè dá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀.

• Tó bá ti di 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè gbà á pátápátá.

Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ìnira ni èyí. Fún awakọ̀ akérò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ti ta ọkọ̀ rẹ̀

Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kámẹ́rà ń rí, kì í mọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Tí o bá ti ta ọkọ̀, àmọ́ tí orúkọ rẹ ṣì wà nínú ìwé rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni ìwé ẹ̀ṣẹ̀ máa wá. Rí i pé ẹni tó rà á yí orúkọ padà.

Ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì pẹ̀lú. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé o jẹ gbèsè ìtanràn, má kàn tẹ ìlujá tó wà níbẹ̀. Lọ sí ojúlé àjọ náà fúnra rẹ, tàbí kí o lọ bèèrè ní ọ́fíìsì wọn.

Báwo ló ṣe rí ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn?

Ní Ghana, kìlómítà 50 ni òfin fàyè gbà láàárín ìlú, 90 lójú ọ̀nà tó so ìlú pọ̀, àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ìrìnnà ló ń fi ẹ̀rọ ka eré níbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé awakọ̀ tí wọ́n bá mú lọ sílé ẹjọ́.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé, ìtanràn tó kéré jù jẹ́ £100 pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá ní àmì 12 láàárín ọdún mẹ́ta lè pàdánù ẹ̀tọ́ láti wakọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi le tó bẹ́ẹ̀?

Gẹ́gẹ́ bí àjọ FRSC ṣe sọ, ìjàmbá ọkọ̀ 10,617 ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, èèyàn 5,081 ló sì kú. Lọ́dún 2024, ìjàmbá dín kù sí 9,570, àmọ́ àwọn tó kú pọ̀ sí i, wọ́n di 5,421.

Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan máa ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó dé orí bíréèkì rárá, ọkọ̀ ti lọ jìnnà. Tí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ nílò kí bíréèkì tó lè dá a dúró máa di ìlọ́po mẹ́rin. Tí táyà bá wá bẹ́ lórí irú eré bẹ́ẹ̀, ọwọ́ awakọ̀ kò lè ká a mọ́.

Àwọn awakọ̀ akérò máa ń sọ pé àwọn kò sáré lásán. Owó wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀ lójoojúmọ́, epo sì ti wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ wo ìṣirò yìí: ìrìnàjò kìlómítà 180, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Abuja sí Kaduna, máa gba wákàtí méjì lórí eré 90. Lórí eré 120, ó máa gba wákàtí kan àbọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni gbogbo èrè náà.

Kí ni èrò ọkọ̀ lè ṣe?

Ẹ̀mí èrò ló wà lọ́wọ́ awakọ̀, nítorí náà ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Tí eré bá ti pọ̀jù, ẹ sọ fún un pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, kí àwọn tó kù sì gbè é lẹ́sẹ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ ní kó sọ̀ yín kalẹ̀ níbi tí èèyàn wà.

122 ni nọ́ńbà pàjáwìrì àjọ FRSC, ọ̀fẹ́ sì ni. Èrò tó bá ti wà nínú ọkọ̀ tó ń sá eré àsápajúdé lè pè é kí ìjàmbá tó ṣẹlẹ̀.