Kí Fọ́múlà Tó Dé Orí Fóònù

Bí ìnáwó bá ku ọ̀la ní Ilemona, nítòsí Ọ̀ffà, àwọn alásè kì í dúró de àlejò. Òru ni wọ́n ti ń dáná lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ará Ìlọrin àti Èkó bá fi máa wọlé, ìrẹsì ti jinná, ẹran ti wà nínú ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kó ìkòkò àti igi lé àlejò lọ́wọ́ pé kó lọ se tirẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ojú òpó ìṣirò ń ṣe fún àwọn ọmọ wa nìyẹn.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC, tó ṣí fóònù rẹ̀ láti wá fọ́múlà yìí: x = (−b ± √(b² − 4ac)) / 2a. Nínú ìwé kíláàsì, ìlà kan ló pín in sí òkè àti ìsàlẹ̀, àmì √ sì gùn bo gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí a tẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn kò lè gbé ìrísí yẹn jáde.

Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, ló la ọ̀nà. Ní 1977, bí ilé ìtẹ̀wé ṣe ń to ìṣirò inú ìwé rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ṣe TeX, èdè tí a fi ń júwe fọ́múlà fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ ni TeX wà fún. Nígbà tí ètò kan tó ń jẹ́ MathJax gbé e dé íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù òǹkàwé niṣẹ́ bọ́ sí lọ́rùn: yóò kọ́kọ́ fa ètò ìṣiṣẹ́ náà àti àwọn lẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀, yóò sì wá ya fọ́múlà náà fúnra rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, \frac{-b lọmọ náà máa rí. Bó bá yá, ojú ìwé á fò sókè, ibi tó ń kà á sì sọ nù mọ́ ọn lójú. Dátà tó ra ló ń jó lọ bẹ́ẹ̀.

KaTeX, ètò mìíràn tí Khan Academy gbé jáde ní 2014, yára ju MathJax ìgbà náà lọ. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè lò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó ya fọ́múlà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi èyí tó ti parí ránṣẹ́. MathJax náà ṣeé lò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni MathML, èdè tí a fi ń kọ fọ́múlà sínú ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti fọwọ́ sí láti 1998. Òun kò fẹ́ ètò kankan láfikún, nítorí ohun tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì (bíi Firefox tàbí Chrome) fúnra rẹ̀ ló máa ya á. Firefox ti gbà á tipẹ́. Chrome gbà á ní 2013, ó yọ ọ́ kúrò láìpẹ́, àfi ní oṣù kìíní 2023 tó dá a padà. Àǹfààní mìíràn ni pé ètò tó ń kàwé sókè fún afọ́jú lè ka MathML, èyí tí kò ṣeé ṣe bó bá jẹ́ àwòrán fọ́múlà lásán la fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí Chrome rẹ̀ ti pẹ́ lè da àwọn àmì náà rú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Federal Polytechnic Ọ̀ffà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbé ìṣirò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí iṣẹ́ yín lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, kí ẹ tó fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.